Alùpùpù Bàámi àti Ẹjọ́ Ìyá Elépo

Ọjọ́ tí mo bá rọ epo kún táǹkì alùpùpù náà gan-an ni kì í kọjá afárá kékeré tó wà lójú ọ̀nà abà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Yóò kọ́kọ́ máa já mi síwá, já mi sẹ́yìn, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jáàkì. Bí mo bá fún un níná sí i, ohùn rẹ̀ á túbọ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Kò pẹ́, ó dákẹ́. Màá ta á, màá ta á, títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí, kò ní í dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sórí òkúta ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn fún bíi ìṣẹ́jú 15, tí mo wá tún ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti jí, bíi pé kò sóhun tó ṣe é rí.

Honda CG125 ni. Ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, àmọ́ ọdún 1988 ni bàámi ra tiwọn, ní àlòkù, lọ́wọ́ ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wolé-wolé ni bàámi. Alùpùpù yìí ni wọ́n ń gùn káàkiri Ìbàràpá láti lọ wo kànga, ilé ìpẹran àti àkìtàn àwọn èèyàn. Kò sí wàhálà púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń fa epo: táǹkì wà lókè, kàbúrétọ̀ wà nísàlẹ̀, epo á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ bí omi òjò ṣe ń tọ ọ̀nà odò. Nígbà tí bàámi kú lọ́dún 2019, tí ẹbí pín ẹrù wọn, ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé ilẹ̀, àwọn àbúrò bàámi kó aṣọ, èmi gba alùpùpù. Lójú tèmi, èmi ni mo gba èyí tó dára jù. Màmá mi mọ ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ láti oríta nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé omi àmàlà kaná, bí wọ́n ti ń ṣe fún bàámi fún bíi ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rí, èmi náà ò sì béèrè.

Nítorí náà, nígbà tí alùpùpù yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ mi lábẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń ro mí nìkan ló ká mi lára. Màmá mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa gbé omi kaná mọ́.

Ẹ rántí bí ìgbà yẹn ṣe rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa ta lítà kan kò tó ₦200 kó tó di ọjọ́ yẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti sún mọ́ ₦500. Nígbà tí nǹkan bá wọ́n tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú ló máa ń fura. A ò sì tíì gbàgbé ti oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ̀lú, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Láti ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ bá ti wúkọ́ lásán, ohun tí ẹnu wa mọ̀ ọ́n sọ ni pé, “Epo wọn ni.”

Ìyá elépo ni mo ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tábìlì kan, ìgò mẹ́fà tàbí méje, kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì àti àrọ kan tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu kí ìdọ̀tí má bàa wọlé. Nígbà tí owó oṣù bá pẹ́, wọ́n máa ń tà á fún mi láwìn. Síbẹ̀, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọjọ́ tí epo bá ti fẹ́ẹ́ tán nínú táǹkì, máṣìnì á gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ láìsí jáàkì. Ọjọ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún un ní ọ̀dọ̀ Ìyá elépo, afárá ni ó ń já mi sí. Epo àná dára, epo òní kò dára. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi dé ìdajì, ó ti mú sípánà. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ₦2,500. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kàbúrétọ̀ ti gbó, ó ra tuntun sí i, ₦14,000, ó ká ti àtijọ́ sínú ọ̀rá dúdú, ó kó o fún mi. Ọjọ́ kejì, afárá. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó nu ọwọ́, ó ní, “Tíṣà, mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe. Epo yín ni. Omi wà nínú ẹ̀.”

Oṣù Keje la ń ṣe ìdánwò ìparí sáà. Èmi ni mo yẹ kí n bójú tó àwọn ọmọ kíláàsì kan láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ibi òkúta ẹ̀gbẹ́ afárá ni agogo ìdánwò ti lù mọ́ mi lórí. Nígbà tí mo dé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti gbé ìwé lé tábìlì mi, kí n ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi ní fìyà jẹ mí.

Ọjọ́ kejì, Sátidé, mo yà sí àtíbàbà Ìyá elépo. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ra epo. Mi ò tilẹ̀ kí wọn dáadáa. Mo ní, “Ìyá, omi tẹ́ ẹ̀ ń dà sí epo yìí, ẹ ṣíwọ́ ẹ̀ o! Ẹ ti fẹ́ bá mi pa máṣìnì bàbá mi.”

Àrọ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Tíṣà, èmi? Omi?”

Mo ní kí wọ́n má bi mí, kí wọ́n bi ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà yẹn dá owó rẹ̀ padà sápò, ó ní òun náà ti ń fura tipẹ́. Ìyá kò bá mi jà. Wọ́n kàn sọ pé, “Ọlọ́run ń gbọ́ o,” wọ́n sì ń rọ epo ẹnìkejì lọ. Mo kúrò níbẹ̀ bí akọni. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ náà fi yí gbogbo àdúgbò po.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ tẹnìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo nílé epo nígboro, alùpùpù ṣì ń kú lẹ́yìn afárá. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn ṣí mi lójú? Rárá o. Mo ní omi Ìyá elépo tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táǹkì ló ṣì ń jà. Ẹni tó bá ti dájọ́ tán, ẹ̀rí yòówù tó bá rí, ẹjọ́ rẹ̀ náà ni yóò fi tì lẹ́yìn.

Màmá mi ló ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onímáṣìnì nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi ní oṣù Kẹjọ. Bàbá yìí ló máa ń bá bàámi tún alùpùpù náà ṣe láyé àtijọ́. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wọn ni mo bá wọn. Wọ́n fọwọ́ pa táǹkì, wọ́n fọwọ́ pa ìjókòó, wọ́n ní, “Máṣìnì Wolé-wolé. Jókòó. Èmi ò ríran, ìwọ lo máa tú u. Kí ló ń ṣe é?”

Mo ní, “Bàbá, omi ló wà nínú epo.”

Wọ́n ní, “Mi ò bi ọ́ lóhun tó o rò. Ohun tó o rí ni mo bi ọ́.”

Mo dákẹ́. Mo wá ń sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí: “Tó bá fẹ́ kú, ṣé bí iná NEPA tí wọ́n mú lọ ni, àbí bí àtùpà tí epo ń tán nínú ẹ̀?”

“Bí àtùpà ni, Bàbá. Ó máa ń rọra kú.”

“Jẹ́ pé iná kọ́ ló ń dà á láàmú. Tó bá jẹ́ wáyà tàbí púlọ́ọ̀gì ni, á ké pẹ́ẹ́, á kú. Èyí, oúnjẹ ni kò dé ẹnu ẹ̀. Ó yá, jẹ́ ká tẹ̀lé oúnjẹ náà láti ìkòkò.”

Wọ́n ní kí n fa epo díẹ̀ láti inú táǹkì sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí n gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní í mì ín. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Omi wúwo ju epo lọ, wọ́n ní. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí, ààlà á sì wà láàárín àwọn méjèèjì bíi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. A fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi kírun Alásárì tán. Mo gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Nǹkan kan wà nísàlẹ̀.

“Kí lo rí?”

“Omi ni, Bàbá.”

“Ṣé o rí ààlà?”

Mo tún wò ó. Kò sí ààlà. Ìyẹ̀fun pupa bíi gààrí tí wọ́n yan jóná ló rọra bà sí ìdí ìgò. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ìpẹtà inú táǹkì ni yẹn. A máa bójú tó o. Àmọ́ kò sí omi níbẹ̀.”

Ara mi tutù. Epo tí mo fi kún táǹkì náà jẹ́ ti ilé epo o, mo sọ ọ́ fún ara mi, kì í ṣe ti Ìyá elépo. Ṣùgbọ́n alùpùpù ń kú lórí èyí náà. Mi ò wí nǹkan kan síta.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n yọ rọ́bà epo kúrò lára kàbúrétọ̀, kí n ki ẹnu rẹ̀ bọ inú abọ́, kí n ṣí táàpù. Epo tú jáde dáadáa bí ìtọ̀ ọmọdé. Mo ní, “Bàbá, ó ń ṣàn,” mo sì fẹ́ ti táàpù.

“Mi ò ní kó o tì í. Jẹ́ kó máa ṣàn.”

Epo náà kò tíì kún ife kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ó dà bí òwú. Ó di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ó dúró. Mo mi táǹkì, epo ń dún wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní rọ́bà ló dí. Wọ́n ní kí n má sọ ohun tí mo rò. Wọ́n ní kí n ṣí ìdérí táǹkì.

Mo yí i. Ṣìììì! Afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹni tó ti ń kan ìlẹ̀kùn láti òwúrọ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni epo tú dà sínú abọ́, tó sì ta sí mi lẹ́sẹ̀.

Ojú Bàbá ò ríran, àmọ́ etí wọn gbọ́. Wọ́n ní, “Ta ló dí i?”

Bọ́rọ̀ bá ṣú òkùnkùn, à á bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Mo wo abẹ́ ìdérí náà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, tí wọ́n tẹ́ sí ẹnu táǹkì kí wọ́n tó dé e. Mo mọ ọ̀rá yẹn. Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni, nígbà tí òjò ń rọ̀ lálẹ́ lálẹ́. Rọ́bà abẹ́ ìdérí ti gbó, mo sì ń bẹ̀rù kí omi òjò má bàa wọ inú epo tí mo fi owó iyebíye rà. Mo gé ọ̀rá, mo tẹ́ ẹ, mo dé e pinpin, mo sì lọ sùn pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Mo dáàbò bo alùpùpù bàámi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lú agolo mílíìkì. Bí o bá lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíìkì, wọ́n ní, á kàn máa kán tó-tó-tó ni. Bí o bá lu ìkejì, á ṣàn. Kì í ṣe pé mílíìkì ń gba ihò kejì jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé láti dípò ohun tó jáde. Ihò kejì wà lára ìdérí táǹkì, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ìyẹn ni mo fi ọ̀rá dí. Bí epo ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni táǹkì ń fa èyí tó kù mọ́ra, títí kàbúrétọ̀ fi mu ohun tó wà nínú abọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí mo bá jókòó sórí òkúta, afẹ́fẹ́ á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá wọlé díẹ̀díẹ̀, epo á tún sọ̀kalẹ̀.

“Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá rọ ọ́ kún ló ń burú jù?” mo béèrè.

“Táǹkì tó kún, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kò tó nǹkan. Epo díẹ̀ péré tó bá jáde, ó ti le koko. Èyí tó ṣófo dé ìdajì, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, á ṣì gbé ẹ jìnnà díẹ̀.”

Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀rí tí mo kó jọ lórí Ìyá elépo. Òótọ́ ni ohun tí mo rí: epo tuntun wọlé, máṣìnì kú. Mo kàn fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ẹni tó sún mọ́ mi jù ni. Mo tún rántí ọjọ́ kan tí mo ṣí ìdérí lẹ́bàá afárá láti wò ó bóyá epo ti tán, tí máṣìnì sì dáhùn ní ìta àkọ́kọ́. Mo ní àdúrà màmá mi ló gbà.

A ò fi í mọ síbẹ̀ o, nítorí ìpẹtà yẹn ṣì wà. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣe é. A tú táǹkì, a da gbogbo epo rẹ̀ sílẹ̀, a kó òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sínú rẹ̀, mo sì ń mì ín bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí apá fi kú mọ́ mi. A ṣàn án, a sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú, a tún fi epo díẹ̀ ṣan inú rẹ̀ kẹ́yìn. A fọ asẹ́ kékeré tó wà lára táàpù. Bàbá ní kí n mú kàbúrétọ̀ àtijọ́ wá nínú ọ̀rá dúdú yẹn. Mo tú jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì, èyí tó kéré tó ń bójú tó sìló, àti ńlá tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá pọ̀. Mo ti fẹ́ fi wáyà ki ihò wọn. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀. Wáyà á fẹ ihò rẹ̀ lójú, á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹyọ ọwọ̀ kan ni wọ́n ní kí n lò, kí n sì fẹnu fẹ́ ẹ. Mo wo ìfófòó àti abẹ́rẹ́ tó ń sé epo, wọn ò bàjẹ́. Nígbà tí mo dì í padà, mo ra rọ́bà ìdérí tuntun, mo fi ẹyọ ọwọ̀ yẹn náà la ihò afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀. Rọ́bà yẹn ni mo yẹ kí n rà ní oṣù Kẹfà. Kò tó ₦1,000.

Mo rọ epo kún un fọ́fọ́. Mo gùn ún dé abà, mo gùn ún padà, mo tún gùn ún lọ. Mi ò dúró lẹ́bàá afárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí n tó yà wọ àgbàlá, mo ti rí èéfín nílé ìdáná.

Àmàlà náà kò wọ̀ mí lọ́fun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sílé Ìyá elépo. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo mú ọ̀rá náà dání, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti wá pariwo, kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ni àwọn ń rà wá, kì í sì í tètè tán. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

“Àmọ́ Tíṣà,” wọ́n ní, “inú yàrá kọ́ lẹ ti bú mi. Ẹnu tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ẹ bá mi fi tún un sọ lójú gbogbo ayé.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú àtíbàbà yẹn láti aago 8 sí aago 10. Olúkúlùkù ọlọ́kadà tó bá kọjá, mo dá a dúró, mo fi ọ̀rá hàn án, mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ Ìyá. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n ṣí ìdérí tòun wò. Ọ̀rá wà lábẹ́ ẹ̀! Ó yọ ọ́, ó ra epo ìgò kan. Ẹni tó kọ́kọ́ dá owó padà sápò lọ́jọ́ kìíní kọjá ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ dúró. Títí di òní, ibòmíràn ló ń rà.

Mo ti padà di oníbàárà wọn. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bèèrè màmá mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọn kì í ṣe fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó rọ epo sínú táǹkì mi, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìgò náà sókè sí oòrùn níwájú mi, wọ́n á dúró, wọn ò ní í wí nǹkan kan. Èmi náà á wò ó. Lẹ́yìn náà, màá ṣí ìdérí, wọ́n á sì gbé àrọ sí i.